Àwọ̀n Tí Kò Gbọdọ̀ Parí

Aláwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọ̀n tó bá ya ló máa ń tún ṣe. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì ra etíkun, tí àwọn apẹja kó ẹrù wọn, òun náà bá wọn lọ. Ìlú ńlá ló ń gbé látìgbà yẹn, ó ń hun àwọ̀n ojúlé tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò padà wá rárá, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀ ẹ́ láago.

Alágbàfọ̀ ni àbúrò yìí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ló ń fọ̀. Ilé ìyá wọn ló ń gbé, ilé náà nìkan ló sì ṣẹ́kù nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì, bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ wó ilé o. Katapílà ti dé ẹ̀yìnkùlé."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Àwọn àlejò ń béèrè ibi tí àwọn apẹja wà. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì ní tí mo bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ àwọ̀n, tó máa jókòó sórí iyanrìn kí wọ́n máa wò ó, òun á fi ilé sílẹ̀."

"Kí wọ́n máa wò mí? Ṣé ọ̀bọ ni mí?"

"Ẹ dákun. Ilé ìyá wa ni."

Ó wá. Ibi tí wọ́n máa ń wọ́ ọkọ̀ gòkè sí ti di ibi tí àlejò ń nà gbalaja sí lábẹ́ agbòòrùn. Òórùn ẹja ti pòórá, òórùn ìpara ló gba gbogbo ibẹ̀. Àmọ́ ariwo omi kò yí padà, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Iyanrìn náà mọ́ ju ti ayé àtijọ́ lọ. Ó dára lójú. Inú bí i pé ó dára.

Ọ̀gá gbé àwọ̀n kan tó ya yánnayànna fún un. Aláwọ̀n bọ́ bàtà, ó jókòó, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ́ àwọ̀n kí ó lè nà, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Àlejò yí i ká. Wọ́n ń ya ẹsẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan àwọ̀n tó mọ òkun. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, kò sí ihò kankan mọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá dé. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ parí ẹ̀?"

"Ó ya, mo tún un ṣe."

"Àlejò míì ń bọ̀ lọ́la. Kí ni wọ́n máa wò?" Ó na àlùmọ́gàjí sí i. "Ẹ gé e. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa gé e. Àbí ká kúkú wó ilé yẹn, kí gbogbo wa sinmi?"

Aláwọ̀n gba àlùmọ́gàjí náà. Òkúta a máa ya àwọ̀n, ẹja ńlá a máa ya àwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irin gé àwọ̀n tó dá ṣáṣá, bàbá Aláwọ̀n a máa sọ pé ẹni náà ti fi ebi pa ilé onílé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra.

Alágbàfọ̀ fi aṣọ tó ń sá sílẹ̀. Ó dé tòun tọwọ́ tútù.

"Ẹ gbé e wá."

"Má ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin lẹ lọ. Èmi ni mo dúró."

Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé àwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gé e. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Alágbàfọ̀, ìwọ gan-an lo mọ iṣẹ́!"

Ọ̀gá bá tirẹ̀ lọ. Aláwọ̀n ń wo ihò náà. Orí kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ni àlùmọ́gàjí gbà kọjá.

"O ò mọ̀ ọ́n gé," ló wí.

"Ṣé wọ́n ń kọ́ àwọ̀n gígé ni?"

"Lọ́la, ibi tó ti gbó ni kí o gé. Má fọwọ́ kan ojú àwọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta."

Ó yọ ẹsẹ̀ nínú àwọ̀n, ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù. Ó gba àárín àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ń gbẹ kọjá, ó forí lé ilé ìyá wọn.