Lẹ́tà Tó Ń Sáré

Sáré ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá tó ń kọ lẹ́tà sára ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbín fẹ́rẹ̀ẹ́ yá jù ú lọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Lẹ́tà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: ó ki pọ́pọ́, kò nírù, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ má fi kọ ìkéde òkú o, wọ́n á ní ẹ ń kánjú àtisin ín. Ẹ má sì fi kọ̀wé sí ìyàwó, á rò pé ìjà ni. Àmọ́ ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó rí i pé ojú yín á máa wá ibi tó ń lọ.

Ohun kan ló ti ń dun Sáré láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Apá ọ̀tún ni lẹ́tà yìí máa ń tẹ̀ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, iwájú ló ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ńkọ́? Ẹ̀yìn ló ń padà sí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i, àfi òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ Sáré bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ilé ìwòsàn gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wá, pé kí wọ́n kọ Ẹ YÀGÒ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọmọ ló gbé e lé lọ́wọ́. Ó sì sọ fún un láìfi bò pé bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, òun á ti ìsọ̀ pa.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gún régé. Nígbà tí bàbá rọra yí dé òsì, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ọmọ ti yí lẹ́tà padà, òsì ni gbogbo wọn tẹ̀ sí! Imú Sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà, ńṣe ni wọ́n sì dà bí ògiri tó fẹ́ wó. Ó mú àkísà tí wọ́n ti rẹ sínú kẹrosíìnì kó lè nù ún kúrò. Ọmọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, ibi tí èèyàn ti ń kọ ọ́ lẹ dúró sí. Ẹ lọ wò ó láti títì."

Kó tó fèsì, awakọ̀ sáré dé. Aláboyún kan wà nínú ewu lápá kejì ìlú. Kò bèèrè bóyá ọ̀dà ti gbẹ, ó ti fò wọnú ọkọ̀. Sáré jáde sójú títì kó lè dá a dúró.

Ọkọ̀ yí po, ẹ̀gbẹ́ òsì kọjú sí i. Háà. Lẹ́tà ọ̀hún ò wó mọ́. Wọ́n ti doríkọ iwájú, àfi bíi pé àwọn gan-an ló ń fa ọkọ̀ náà lọ. Bọ́ọ̀sì yà fún un, ọlọ́kadà yà, àwọn tó ń sọdá sá padà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ọ̀pá rẹ̀ sì wà láàárín títì. Kò mọ ìgbà tó fò.

Ọmọ rẹ̀ lọ bá a he ọ̀pá náà. Sáré ò tíì gbà á. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Jẹ́ ká wọlé," ó ní, "kí o wá kọ́ mi bí o ṣe ṣe é."