Don Zenón àti Ẹran Tó Sùn Sínú Ọkọ̀

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Don Zenón Moncayo ní èbúté San Cristóbal, ìtàn ọjọ́ tí kìnnìún òkun, ẹran ńlá inú omi, gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Àwọn àlejò tó sanwó fún un pé kó fi ọkọ̀ gbé àwọn ti gbé awò ìwẹ̀ àti ọ̀pá ìmí tí wọ́n fi ń mí nínú omi dání, wọ́n fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá àpáta León Dormido. Àfi bí wọ́n ṣe rí ẹran náà, abo kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tó nà gbalaja sórí ìjókòó awakọ̀, tó ń hanrun.

Àlejò kan ní kí wọ́n fi igi lé e. Don Zenón wò ó bí ẹni pé ìyá òun ni wọ́n fẹ́ nà.

"Òfin wa ni pé ká fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí i, ọ̀gá mi. Ọkọ̀ mi ò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Yadira, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá nawọ́ sí ẹran náà, ó ní a kì í fi àlejò sílẹ̀ nílé ká jáde lọ, ó bá ní kí gbogbo wọn bẹ́ sómi níbẹ̀. Wọ́n rí ìjàpá òkun tó ń jẹ koríko, wọ́n rí àwọn aláǹgbá ńlá dúdú tó ń lúwẹ̀ẹ́, inú wọn sì dùn bíi tọmọdé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Don Zenón ti ń sọ pé òun àti ẹran náà ni àwọn jọ ṣètò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti sọ ọ́ ní Doña Clemencia, bí ẹni ń pe ìyá àgbà kan. Kí ọdún tó parí, ẹran náà ti di ìbátan ìyàwó rẹ̀ nínú ìtàn tó ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nídìí àwọn ẹlẹ́ja lọ́jọ́ kan, tó tò sẹ́yìn òfú, ẹyẹ omi ńlá kan, kó tó ra ẹja. Ó ní ẹyẹ ló kọ́kọ́ dé.

Kó tó kú, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó òdòdó ìsìnkú òun lọ sí León Dormido. Yadira ṣèlérí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, kìnnìún òkun kan ti sùn sórí ìjókòó bàbá rẹ̀, ìgbì òkun sì ti ń dìde. Bí wọn ò bá lọ báyìí, kò tún sí lílọ mọ́. Wilmer àbúrò rẹ̀ mú igi láti fi lé e.

"Gbé e sílẹ̀, Wilmer. Ṣé o fẹ́ kí Bàámi jí wá bá ẹ jà ni?"

León Dormido ni Yadira ṣèlérí, síbẹ̀ ó wọ awò, ó kó òdòdó náà mọ́ra, ó bẹ́ sómi lẹ́bàá èbúté. Bó ṣe tú wọn ká, ìjàpá òkun ńlá kan rọra gòkè wá, ó la ẹnu, ó sì gbé èyí tó pupa jù lọ mì. Yadira rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹkún sì tẹ̀lé e.

Nígbà tó jáde, Wilmer bi í pé kí ló rí. Òótọ́ ló fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé Doña Clemencia ló ti bá ìjàpá náà sọ ọ́ láti àná pé kó wá gba òdòdó Bàbá.