Agogo Tí Wọ́n Rọ Ṣáájú Ikú

Prayong ni orúkọ obìnrin tó ń kọ ọjọ́ àwọn ohun àtijọ́ sílẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà ní ìlú wa, létí odò Nan, nílẹ̀ Tailandi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi kòró.

Ọdún tiwa fi 543 ju ti òyìnbó lọ, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé ọjọ́un, Éépírì la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn Disẹ́ńbà ni Jánúárì ọdún kan náà ń dé. Ìgbà tí ìjọba fẹ́ yí i padà sí Jánúárì, wọ́n gé ọdún 2483 kù sí oṣù mẹ́sàn-án bí ẹni gé ṣòkòtò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ Jánúárì àtijọ́ di ti òyìnbó, 542 ni yóò yọ. Prayong fi bírò kọ ọ́ sára ògiri lókè tábìlì rẹ̀.

Àfi bí Dókítà Thanakorn ṣe dé láti Bangkok láti wá ṣe ọ̀gá wa. Ó gbé ìwé ẹ̀rí dé, ó gbé èdè ńláńlá dé, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tó ń dá yọ 543 dé. Ohun kan ṣoṣo tó gbàgbé sílé ni etí.

"Ọ̀gá," Prayong ní, "Jánúárì sí Máàṣì àtijọ́ ò gba 543 o."

"Àǹtí Prayong, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ẹ sinmi ọpọlọ yín díẹ̀."

"Tèmi ò rẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ sọ fún kó sinmi."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí wọ́n kun ògiri.

Kò pẹ́ sí i ni tẹ́ḿpìlì kan gbé agogo idẹ fún wa. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé Khamnoi kú ní Disẹ́ńbà 2470, ọkọ rẹ̀ sì rọ agogo náà ní ìrántí rẹ̀ ní Jánúárì 2470. Kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀: ikú, Disẹ́ńbà 1927, agogo, Jánúárì 1927. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi lẹ́tà wúrà kọ ọ́ sí pátákó. Ẹ ò rí ọkọ gidi! Oṣù mọ́kànlá ṣáájú kí ìyàwó tó kú ló ti múra ìrántí rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìlú ti dá ẹjọ́ náà tán. Ẹni tó ń ta núdùlù níwájú ilé iṣẹ́ wa ní, "Ṣé kì í ṣe òun ló pa á báyìí?" Bàbá tó ti kú láti ogójì ọdún di apànìyàn.

Ni Màmá Buaphan, ọmọ Khamnoi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, bá tẹ ọ̀pá wọlé.

"Ta ló pe bàbá mi ní apànìyàn?"

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi júwe yàrá ọ̀gá.

"Màmá, ẹ má bínú," ọ̀gá ní, "kọ̀ǹpútà ló . . ."

"Ṣé kọ̀ǹpútà wà níbi òkú ìyá mi? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Bàbá mi gbé mi sókè kí n ju ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá mi sínú idẹ tí wọ́n ń yọ́. Ó ń sunkún. Ṣé ẹni tó wà láàyè la ń yọ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fún iná?"

Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà. Jánúárì 1927 ṣì ni kọ̀ǹpútà náà ń fi hàn.

Prayong ló ṣí ìwé ara rẹ̀, tó kà á jáde: "Jánúárì 1928. Oṣù kan lẹ́yìn ikú ìyàwó."

"Tún un kà, ọmọ mi."

Ó tún un kà. Màmá ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ pátákó náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Dókítà Thanakorn lọ sọ̀rọ̀ ní Bangkok lórí ọ̀nà tuntun tí òun ṣàwárí fún yíyọ 542, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Prayong ní tirẹ̀ gba ẹ̀bùn: àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí 611 tí kọ̀ǹpútà ti fi ọdún kan ṣì. Mo bi í bóyá kò fẹ́ gbé ẹjọ́ ọ̀gá lọ bá àwọn aláṣẹ.

"Níbo ni mo ti ráyè?" ó ní. "Òkú 611 ló wà níwájú mi, wọn ò sì lè tẹ ọ̀pá wá rojọ́ fúnra wọn."