Orúkọ Mi Lára Ìgò Ẹ̀jẹ̀

Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Agric tí mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ pe orúkọ mi. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ohùn náà ò dákẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbóòórùn oúnjẹ tí Múínà àbúrò mi bá sè, tí mo sì ń dà á nù. Ó dá mi lójú pé májèlé wà nínú rẹ̀. Múínà yìí náà ló fà mí dé ọsibítù, tí mo ń bú u lójú ọ̀nà.

Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni: etí ń gbọ́ ohun tí kò sí, ọkàn ń fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Oògùn mú ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àìmọye àárọ̀ ni mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù náà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ padà di ẹ̀rọ lásán, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ni àwọn ará ọsibítù ní kí èmi àti Ṣadé ọmọ mi fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń wá àmì nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè fi ẹni tí irú àìsàn yìí lè ṣe hàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Àyà mi já. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Ṣadé fún ọmọ wọn ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá ṣe ìwádìí ìdílé wa, àrùn ọpọlọ sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Mo kọ̀, kí orúkọ wa má bàa dé etí wọn. Ẹ̀rù tún bà mí: ṣé ọgbọ́n nìyí, àbí àìsàn ló ń padà bọ̀?

Múínà ní, “Àǹtí, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá orúkọ yín máa hàn.”

“Nọ́ńbà nìkan ló máa wà lára ìgò, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ̀jẹ̀ ò sì tíì lè sọ ẹni tí àìsàn náà máa ṣe. A ṣì ń wá a ni.”

Mo wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Mo rí orúkọ mi àti ti bàbá mi. Mo tọ́ka sí i fún Múínà.

“Orúkọ yín rèé!” ni Múínà pariwo.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ohun tí mo rí, ẹlòmíràn náà rí i. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wá, ó ṣí orúkọ náà kúrò, mo sì nawọ́ sí i. Ti Ṣadé, mo ní kí wọ́n bi í fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dé, èmi fúnra mi ni mo sọ ohun tó ṣe mí fún wọn. Wọ́n ní àwọn á padà wá. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, Múínà náà ò gbà wọ́n gbọ́. Ṣadé ní òun ò ní bẹ̀ wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi. Múínà gbé ìrẹsì wá, mo sì jẹ ẹ́ tán, mi ò gbóòórùn rẹ̀ wò.