Orúkọ Méjì Nínú Ìwé Ẹnubodè

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá ìyàwó mi buwọ́ lùwé. Bí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ní Peckham, nílùú London, bá ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọn a gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kiri. Màá kọ orúkọ tèmi, màá sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ, torí nọ́ọ̀sì ni, ṣíìfù rẹ̀ kì í sì í parí nígbà tí wọ́n ní ó máa parí. Màá tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá bèèrè, màá ní, "Ó wà lójú ọ̀nà." Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe àdúrà ìparí ló máa wọlé, á jókòó bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, á sì ṣe àmín ju gbogbo wa lọ.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tó kú ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Mo lè kọ "ó kú" báyìí. Nígbà yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ rí ní èdè kankan. Ọmọ wa obìnrin ló lọ buwọ́ lùwé ikú ní ọ́fíìsì káńsù; èmi dúró síta, mo ń wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ irin. Fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí, mo ní Ọlọ́run ti gbà á. Fún àwọn òyìnbó àdúgbò, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí wọ́n á fi yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, nílé ní Ìjẹ̀bú, a ò tilẹ̀ sọ fún wọn rárá. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pè, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan ní gbogbo London tó ṣiṣẹ́ tó o lọ́dún náà.

Àbúrò ìyàwó mi gbà pé aṣálẹ̀ ló máa wò mí sàn. Ó ti sanwó bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn lọ sí ọgbà ìjọba kan nínú aṣálẹ̀, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín á balẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan nínú ilé mi náà."

"Ẹ ṣáà wọ bàtà yín."

Kúlà ńlá kan ló gbé dání, ìrẹsì àti ẹja díndín ló kún inú ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, torí kúlà náà gba àga kan. Mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ta lẹ ń gba àga dè?"

"Kúlà ẹ."

Ní ẹnubodè, obìnrin aṣọ́gbà kan gbé ìwé wá sínú bọ́ọ̀sì, ó fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ àti àkókò tó wọlé, kí ó sì tún buwọ́ lù ú nígbà tó bá ń jáde, torí oòrùn ibẹ̀ ti pa àwọn tó ṣìnà rí. Ìwé náà dé ọ̀dọ̀ mi ní aago mọ́kànlá. Mo kọ ọ́, mo sì gbé e sẹ́yìn.

Amọ̀nà wa jẹ́ ọkùnrin onífìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ràn ohun tí kò sí. Ó fi ibi tí adágún wà tẹ́lẹ̀ hàn wá, àti ibi tí àwọn awakùsà kọ́lé sí tẹ́lẹ̀. Ó fi ihò ìjàpá aṣálẹ̀ kan hàn wá. Ìjàpá ò sí nílé. A ya fọ́tò ihò náà. Irú ìrìn àjò yìí, ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é ní Peckham: ibí ni ẹlẹ́ran wa wà tẹ́lẹ̀, ibí ni ìyàwó mi ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lewisham. Lọ́sàn-án, àbúrò ìyàwó mi bu ìrẹsì fún amọ̀nà. Ó jẹ àwo méjì, ó sì gbàgbé apá kan ìtàn àpáta.

Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà dé. Obìnrin aṣọ́gbà ka orí wa nínú bọ́ọ̀sì ní ẹnubodè, ó wo ìwé, ó tún ka orí wa.

"Orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èèyàn mẹ́rìnlá. Ẹnì kan ṣẹ́ kù sínú aṣálẹ̀."

Ó pe orúkọ ìyàwó mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.

Àbúrò ìyàwó mi fa apá mi. "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́."

"Yéè! Ẹ sọ fún wọn pé kò wá."

Mo sọ fún aṣọ́gbà pé kò wá.

"Ó wà nínú ìwé, sà."

"Èmi ni mo bá a kọ ọ́."

"Ẹ kọ orúkọ ẹni tí kò wá? Kí ló dé?"

"Ó máa ń pẹ́ dé ni."

Bí mo ti sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ó mú rédíò ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀. Amọ̀nà ní mẹ́rìnlá lòun kà látàárọ̀, àmọ́ kò jọ pé ó dá a lójú mọ́. Bàbá òyìnbó kan láti ẹ̀yìn ní òun rí i lọ́sàn-án, obìnrin dúdú kan tó wọ aṣọ búlúù. Àbúrò ìyàwó mi tó wọ aṣọ búlúù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni méjì mìíràn ní àwọn rí i nítòsí ihò ìjàpá. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ìyàwó mi ti ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Wọ́n ní ọkọ̀ méjì máa jáde, bóyá hẹlikópítà náà. Ojú gbogbo wọn le, wọ́n fẹ́ rí i lóòótọ́. Kí n má purọ́, mo dákẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ wá a.

Aṣọ́gbà ti ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò nígbà tí mo dìde.

"Ó ti kú," ni mo wí, ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ìyàwó mi ti kú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ."

Lẹ́yìn mi, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin náà gbé rédíò sílẹ̀, ó bá mi kẹ́dùn, ó sì na ìwé sí mi. Ó ní ìlà kankan ò gbọdọ̀ ṣófo lálẹ́, kí n jọ̀ọ́, kí n kọ àkókò tó jáde.

Mo ti rò pé mi ò rántí aago tó kú mọ́. Mo kọ aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Ó wo ìwé náà. "Sà, aago mọ́kànlá lẹ kọ pé ó wọlé."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò pẹ́ nìyẹn."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín tòun tẹkún, ó gbá mi léjìká, ó ní mi ò dáa.

Nígbà tí a délé, fóònù àbúrò ìyàwó mi ń dún. Ìyá wọn ni, láti Ìjẹ̀bú. Ó wò ó títí, kò gbé e. Ó wá nà án sí mi.

"Ẹ gbà," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."