Ọmọ Jẹ́jẹ́ àti Elétí Ikún

Ẹnu mi mú láti kékeré. Bí ẹ bá ń wá orúkọ tí yóò lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára títí dọjọ́ ikú, èmi ni kí ẹ pè. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ pe ọmọ kankan tí mo bá nílé lórúkọ, inú mi dùn. Iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé fún mi yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó máa ń fi bírò há àpò di Akọ̀wé. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó wá ku àbíkẹ́yìn ilé, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún. Ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ ni lọ́dọ̀ mi. Kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, á kàn máa wò wọ́n lẹ́nu. Mo sọ ọ́ ní Ọmọ Jẹ́jẹ́. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, o mọ orúkọ sọ!" Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn mi.

Ẹ̀yìn ilé ìlagi ni ilé wa wà. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ké mọ́ gẹdú, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ládùúgbò náà láìlọgun. Ọwọ́ la fi ń pe ara wa wá jẹun. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ ẹni tí kò gbọ́?

Orúkọ mìíràn ni Ọmọ Jẹ́jẹ́ ń jẹ́ ní ilé kéwú. Ááfà á pè é, kò ní dáhùn. "Elétí ikún!" Ni ẹgba bá balẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú gbà á lẹ́nu ááfà, wọ́n á máa fi kọrin tẹ̀ lé e wálé. Ìyá ọkọ mi á ní, "Ọmọ mi yìí náà? Ọmọ tó jẹ́jẹ́ tó báyìí?" Nílé, à ń yìn ín pé kì í sọ̀rọ̀. Ní kéwú, wọ́n ń nà án pé kì í gbọ́ràn. Yorùbá tiwa náà kò ràn wá lọ́wọ́: ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ àti ẹni tó ya olórí kunkun, "kò gbọ́ràn" náà la ń wí fún àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Ọmọ Jẹ́jẹ́ jókòó, ó kẹ́yìn sí mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo pè é. Mo tún pè é. Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dún gbaà lórí sìmẹ́ǹtì, adìyẹ fò sókè. Ọmọ náà kò mira. Mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́, kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo figbe ta gidi ló tó yíjú, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ jẹ́ n wí i bó ṣe rí: ọjọ́ náà ni mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó tí kò tíì lóyún ni mí nígbà náà. Ta ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi pé ọmọ onílé ń dití? Wọ́n á ní inú burúkú ni. Wọ́n á ní mo fi ẹnu mi kó bá ọmọ wọn. Orúkọ tí mo sọ ọ́ yìí ló sì sọ mí di ẹni ire nínú ilé náà. Mo mú ìdérí mi, mo fọ̀ ọ́, mo fi bo ìkòkò. Mo ní ẹlòmíràn á rí i.

Ó tó ọdún mẹ́rin kí tíṣà kan tó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, nígbà tó ṣì ń gbọ́ igbe, nǹkan tí àwọn ì bá ṣe pọ̀. Ìyá ọkọ mi ń lu ara rẹ̀ láyà: "Èmi rò pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni!" Èmi ni mo dì í mú, èmi ni mo ń sọ pé kó gba kádàrá. Háà, èmi yìí!

Ó ti dàgbà báyìí, ó ń ránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Odi ni wọ́n ń pè é. "Ẹ gbé e fún Odi, á bá yín gé e." Wọn kò tilẹ̀ fi bú u, orúkọ ni lójú tiwọn. Bí mo bá lọ kí i, á máa wo ẹnu mi, á máa rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó gbà pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òun tó mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù. Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun pé kò sẹ́ni tó fura nígbà tí òun wà ní kékeré. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ máa ń wà lọ́dọ̀ mi jù. Ṣé ẹ̀yin náà ò fura ni?"

Mo di fóònù náà mú títí iná rẹ̀ fi kú. Mo tún tàn án. Mo kọ ọ́ pé rárá o, ọkọ mi, n kò fura.

Ó dáhùn kíákíá. Ó ní òun mọ̀, òun kàn bèèrè ni, kí n jọ̀wọ́ má bínú.