Ilẹ̀kùn Tí Baba Kò-sí-túláàsì Rù Lọ sí Kánsù

Lọ́jọ́ tí àwọn ará kánsù ti ṣọ́ọ̀bù Baba Kò-sí-túláàsì pa nítorí owó orí, káfíńtà náà kò bá wọn jà. Ó jókòó sórí àpótí lódìkejì ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe fi àgádágodo sí i, tí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà. Wọ́n lọ tán, ó yá òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà, ó tú ilẹ̀kùn náà tòun ti férémù rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó gbé gbogbo rẹ̀ rù, ó di ọ́fíìsì kánsù.

"Ilẹ̀kùn yín rèé o," ó wí fún akọ̀wé. "N ò ṣí i. Ẹ wò ó dáadáa, ní títì ló ṣì wà."

Akọ̀wé wo àgádágodo, ó wo ìwé, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí i lọ́rùn. Wọ́n ní kó máa gbé e padà. Ó ní ṣé wọ́n ń pàṣẹ ni àbí wọ́n ń bẹ òun? Wọ́n ní àṣẹ ni. Ló bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó padà sídìí iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn òṣìṣẹ́ kánsù fi ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ọ́fíìsì ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ahun létí wa o! Afárá onípákó tó wà lórí kòtò àgbàrá àdúgbò, òun ló kàn án, òun ló sì ń tún un ṣe lọ́dọọdún kí òjò tó dé, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Túláàsì ló kórìíra. "Ẹni tó mú kùmọ̀ dání," ó máa ń wí, "kó má sọ pé òun ń tọrọ."

Agbowó-orí, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wá bá a lọ́jọ́ kan.

"Ẹ san owó orí yín, Baba. Òun la fi ń ṣe ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà tí gbogbo wa ń rìn."

"Wo ẹsẹ̀ rẹ."

Agbowó-orí wolẹ̀. Àárín afárá Baba ló dúró sí.

"Ṣé mo ní kí o sanwó kí o tó gùn ún? Lọ sọ fún wọn kí wọ́n kọ 'ẹ jọ̀wọ́' sínú ìwé wọn, màá san. Ìhàlẹ̀ ẹ̀wọ̀n nìkan ni mò ń rí níbẹ̀."

"Ìjọba kì í bẹ èèyàn, Baba."

"Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tì í mọ́lé. Ó bá wọn tún bẹ́ǹṣì àtìmọ́lé ṣe, nítorí pé ọ̀gá ọlọ́pàá bẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbà fún un. "Tí gbogbo ayé bá ń dúró de 'ẹ jọ̀wọ́', ta ni yóò ṣiṣẹ́ ìlú?" Baba ní òun á ronú sí i. Títí ó fi kú, ó ṣì ń ronú sí i.

Nínú ilé pàápàá, kì í pàṣẹ. Ó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà kan pé, "Jọ̀wọ́, bá mi pọnmi wá."

"Rárá, Bàbá mi."

Ìyá ọmọ fò dìde. Baba dá a dúró. "Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ tán." Ó gbé garawa, ó lọ pọnmi fúnra rẹ̀, ó ń yangàn fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, "Ọmọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀!" Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọmọ yìí kan náà ló ń gbé omi wá síbi ibùsùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Baba kú kó tó tún afárá ṣe lọ́dún yẹn. Pákó ti ń jẹrà, òjò sì ti ń ṣú. Alága àdúgbò bá kọ̀wé pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dáwó, ẹni tó bá kọ̀ yóò san ìtanràn. Opó Baba gba ìwé náà, ó fà á ya.

"Afárá tirẹ̀ lẹ fẹ́ fi túláàsì tún ṣe? Tó bá máa wó, kó wó!"

Ẹ̀rù bà wá. A rò pé yóò wó lóòótọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ìró òòlù ló jí wa. Bíríkìlà ti gbé pákó méjì wá, télọ̀ gbé ọ̀kan, ọmọbìnrin Baba sì gbé omi mímu wá. Nígbà tó yá, ọkùnrin gíga kan dé nínú aṣọ ilé, òòlù lọ́wọ́. Agbowó-orí ni. Ó kí opó Baba tó dúró létí afárá.

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ibo ni kí n kàn?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ogún ọdún ló fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn," ó wí. Ó wá nawọ́ sí àárín afárá.

"Ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Ibi tí o ti dúró bá a jiyàn."